Etí Òsì

Bíríkìlà ni mí. Mo mọ ohun tó dúró,
mo mọ ohun tó fì.
Ogún ọdún ni mo fi mọ ògiri ní Kubwa, ní Dutse,
títí dé Madalla níbi tí Àpáta Zuma ti ń wo ọkọ̀ Kàdúná;
kò sẹ́ni tó pè mí padà pé ògiri mi wọ́.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú ọyẹ́, lórí àgà,
etí òsì mi hó bí ìkòkò ẹ̀kọ,
ó kún, ó dí,
ni Àpáta Zuma bá gbéra nílẹ̀,
ó ń pòòyì yí mi ká bí ọmọdé.
Mo di búlọ́ọ̀kù mú. Búlọ́ọ̀kù náà ń lọ.
Zakwoyi tó ń po sìmẹ́ǹtì ló gbé mi sọ̀kalẹ̀ léjìká;
mo bì sí i lẹ́yìn, kò bínú.

Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ẹ̀gbọ́n mi fóònù láti Ìlá, ó ní ọwọ́ ayé ni.
Wọ́n fún mi lóògùn tó ń lé omi lára,
wọ́n gba iyọ̀ lẹ́nu mi,
wọ́n gún etí náà lábẹ́rẹ́.
Ọdún mẹ́ta.
Mo wá ń ré ògiri tí mo fọwọ́ ara mi mọ
kí n tó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Dókítà Tsado ní Gwagwalada, ọmọ Tápà, olóhùn jẹ́jẹ́,
mú bébà, ó ya inú etí fún mi:
ìgbín kan, òrùka mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, omi nínú gbogbo wọn.
Mo bú sẹ́rìn-ín. "Lẹ́bẹ́lù mi rèé!"
Ó ní, "Òun náà ni. Omi tiyín ló kún jù.
Ó ń parọ́ fún ọpọlọ, ọpọlọ sì ń gbà á gbọ́.
A ó gbẹ́ eegun ẹ̀yìn etí títí a ó fi kan òrùka,
a ó kó wọn kúrò. Ìró á bá wọn lọ.
Etí òsì ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ láé."

Mo ní, "Dókítà, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."
Ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Eyín tó ti jẹrà ńkọ́?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé.
Òsì mi ni Àyọ̀ká ń sùn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó.
Etí yìí ló sọ ọ́ sí pé òun ti lóyún àkọ́bí wa,
òun ló sọ gbèsè sí, òun ló sọ ikú ìyá rẹ̀ sí,
lóru, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́.
Ó dákẹ́ títí. Ó ní,
"Ṣé ọ̀tún ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ gbọ́ ni?"

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo jí,
ayé dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́,
kò nàró fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ẹni tó bá ní ọ̀bẹ wo òun sàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, irọ́ ló pa.
Mo tún ìrìn kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọ́ọ̀dù,
nọ́ọ̀sì ń wí pé, "Sannu, Baba, sannu,"
wọ́n ní kí n máa mi orí, kí n máa tẹjú mọ́ àtàǹpàkò mi,
kí ọpọlọ lè kọ́ bí a ṣe ń fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́.

Oṣù karùn-ún, mo gun àgà. Àpáta Zuma jókòó.
Mo lọ wo ògiri tí mo mọ lọ́dún àìsàn:
ó fi ìka kan wọ́. Mo wó o. N kò gbowó.
Zakwoyi pè mí láti òsì, n ò dáhùn,
ó sọ òkúta wẹ́wẹ́ lu bàtà mi.

Nílé, a ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.
Síbẹ̀, bí oorun bá ń kun Àyọ̀ká, a máa gbàgbé,
á rá kọjá àyà mi sí ibi tó ti mọ́ ọn lára,
á máa sọ̀rọ̀ sínú ilé tí a ti kó kúrò.
Ooru ẹnu rẹ̀ ni mo ń gbọ́.
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."